Benz E350 2006 ní mílíọ̀nù mẹ́fà àbọ̀: kí n rà á ni àbí kí n sá fún un?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Abẹ́òkúta ni mò ń gbé, Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mò ń lọ tí mo sì ń padà wálé. Corolla ni mo fẹ́ rà tẹ́lẹ̀ àmọ́ owó tí wọ́n ń pe Corolla 2009 tòkúnbọ̀ báyìí, orí ló ń fọ́ni. Dílà kan wá fi Benz E350 hàn mí, 2006, tòkúnbọ̀, dúdú, inú ẹ̀ ṣì ń ta sánsán, mílíọ̀nù mẹ́fà àbọ̀ ló ní kí n mú wá. Mẹkáníìkì mi ní kí n má jẹ́ kó bọ́, pé ẹ́ńjìnnì Benz kì í kú. Ìyàwó mi ní tí n bá rà á kí n má béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ òun. Ẹnìkan ní ibiṣẹ́ tún sọ pé kọ̀ǹpútà ló ń tẹ bíréèkì ẹ̀, pé ọjọ́ tó bá wù ú ló ń mú. Èwo ni òótọ́ níbẹ̀? Kí ló máa ń bàjẹ́ lára ẹ̀, kí ló sì máa ń jẹ lọ́dún? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

* * *

Àbúrò, má rà á.

Torí pé ó jẹ́ Benz kọ́ o. Èmi náà ń wa W211, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń pe irú E-Class tó jáde láti 2002 títí dé 2009, E320 ni tèmi, mi ò sì tíì ronú àtità. Ọdún tí wọ́n fẹ́ tà fún ẹ yẹn gan-an ni mi ò fẹ́.

Àìsàn ńlá méjì ló wà lára mọ́tò yìí tí gbogbo ayé mọ̀. Èkíní ni bíréèkì kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní SBC. Ó wà lára W211 láti ìbẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi tún ojú ẹ̀ ṣe láàárín 2006, àwọn tí wọ́n tún ojú wọn ṣe yẹn ni wọ́n ń pè ní 2007 ní Amẹ́ríkà. Èkejì wà nínú ẹ́ńjìnnì V6 tí wọ́n fi rọ́pò ti àtijọ́. M112 ni ti àtijọ́, òun ló wà nínú E320. M272 ni tuntun, òun ló wà nínú E350, irin kan sì wà nínú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní balance shaft, òun ni kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa gbọ̀n, eyín orí irin yẹn máa ń jẹ tán lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe.

Nísìnyí, E320 2003 sí 2005 ní wàhálà bíréèkì, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ dáa. E350 2008 ní bíréèkì tó dà bíi ti gbogbo mọ́tò, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti gba àtúnṣe. 2006 ló kó méjèèjì pọ̀ sójú kan. Dílà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí tó fi ń pe owó ẹ̀ wálẹ̀ nìyẹn.

* * *

Mo ti rí gbogbo ohun tí ẹ sọ lẹ́yìn tí mo dáhùn. Àwọn kan ní olówó nìkan ló ń wa Benz, kí tálákà lọ ra Toyota kó sinmi. Àwọn kan ní irọ́ ni, pé V-boot bàbá àwọn ṣì ń lọ láti ayé Babangida. Ẹnìkan ní Benz ò ní ìṣòro kankan, àwọn mẹkáníìkì wa ni ìṣòro.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ti V-boot, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi í sílẹ̀. W124 nìyẹn, kò sí kọ̀ǹpútà tó ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀ tó báyìí, okùn gáàsì wà níbẹ̀, bíréèkì ẹ̀ ń lo afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fà, ọmọ iṣẹ́ lè tú u kó sì tò ó padà lábẹ́ igi. Orúkọ kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ́ o, àmọ́ ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ò jọra.

Èyí tó sọ pé mẹkáníìkì wa ni ìṣòro, ó sún mọ́ òótọ́ ju àwọn tó kù lọ, màá padà síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Kí ẹ tó béèrè iye, ẹ béèrè nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì. Wọ́n lù ú sára irin ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀, lọ́wọ́ ẹ̀yìn, níbi tó ti pàdé gíabọ́ọ̀sì, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì àti rágì dání torí ọ́ìlì á ti bò ó. Nọ́ńbà mẹ́fà tó gbẹ̀yìn ni kí ẹ wò. Tó bá jẹ́ 468993 tàbí tó kéré sí i, eyín rírọ̀ yẹn ló wà nínú ẹ̀ àfi tí ẹnìkan bá ti pààrọ̀ ẹ̀. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo E550, V8 ni tiyín, M273, jíà kékeré kan ló máa ń jẹ nínú òun, 088611 ni ààlà tiyín.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé mọ́tò á máa lọ dáadáa. Kò ní pariwo, kò ní rú èéfín, iná check engine nìkan ló máa tàn, tí wọ́n bá sikáànì ẹ̀ wọ́n á rí kóòdù 1200 tàbí 1208, ìyẹn ni pé kaṣáàfù (irin tó ń ṣí fáàfù) ò bá kíránkì (irin tí piston ń yí) rìn déédéé mọ́. Dílà á pa kóòdù náà, iná á kú, ìwọ á sanwó, ó di ọ̀sẹ̀ méjì sí i kó tó tàn. Torí náà tí ẹ bá gbé sikánà dé ibẹ̀, ẹ má wo kóòdù nìkan, ẹ wo ibi tó ti ń sọ bóyá àwọn àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra ẹ̀ ti parí. Tó bá ní wọn ò tíì parí, ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀ ni, àbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ bátìrì.

Èyí tó tún dáa jù ni kí wọ́n yí kíránkì dé ibi tí wọ́n kọ 305 sí lára púlè iwájú, kí wọ́n yọ sẹ́ńsọ̀ kaṣáàfù, kí wọ́n yọjú wo inú ihò. Ìlà tó wà lára irin inú yẹn gbọ́dọ̀ wà láàárín ihò gan-an. Tó bá ti yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

* * *

Ẹni tó ní "ká kúkú ra ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ ní Ládípọ̀ ká jù ú sí i": ó ṣeé ṣe, ó tún rọrùn ju kí wọ́n tú ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí balance shaft fúnra ẹ̀ ò wọ́n, bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ gbé ẹ́ńjìnnì bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó dé ìdí ẹ̀ ló wọ́n. Ní Amẹ́ríkà ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni iṣẹ́ ọwọ́ yẹn. Àmọ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fẹ́ tà fún yín lọ́jà, ara 2006 mìíràn ni wọ́n ti yọ ọ́! Mo mọ ẹni tó san owó, tó gbé e wọlé, tí nọ́ńbà tuntun yẹn tún kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nọ́ńbà náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó sọ pé èló.

* * *

Bíréèkì wàyí.

Òótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà ló ń tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá tẹ pẹ́dà, iná mànàmáná ló gbé iṣẹ́ yẹn lọ bá pọ́ǹpù kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, pọ́ǹpù yẹn ló ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kì í ṣe pé ọjọ́ tó wù ú ló ń mú. Ó ń mú gan-an, ó tiẹ̀ ń mú ju tàwọn tó kù lọ, títí ọjọ́ tí pọ́ǹpù máa pé iye ìtẹ̀ tí wọ́n kà fún un, bíi 300,000. Lọ́jọ́ yẹn, dáṣíbọ́ọ̀dù á pupa, á kọ ọ́ pé "Service Brake, Visit Workshop". Tí pọ́ǹpù bá wá kú pátápátá, pẹ́dà á wọlẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú méjì nìkan lá máa mú, ẹ ó sì fi gbogbo agbára itan tẹ̀ ẹ́. Ẹ fojú inú wo ìyẹn nígbà tí trélà wà níwájú yín ní Long Bridge. Ilé iṣẹ́ náà fúnra wọn pe ọkọ̀ 680,000 padà ní 2004 lórí bíréèkì yìí, wọ́n tún pe mìíràn ní 2005, nígbà tó sì di 2006 wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Ibi tí a ti máa jà rèé. Bọ̀ọ̀dá kan láti Ìbàdàn ní ẹnìkan bá òun dá nọ́ńbà yẹn padà sí òdo, owó kékeré, iná pupa kú, òun sì ti ń wà á lọ láìsí wàhálà. Mo gbọ́ o, ẹ̀gbọ́n, mi ò sì ní pé irọ́ lẹ pa. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kọ́ ló ń gbó nínú pọ́ǹpù yẹn. Ẹ̀rọ iná kékeré tó ń yí i nínú ló ń gbó, kábọ́ọ̀nù rẹ̀ ló ń tán. Tí wọ́n bá dá nọ́ńbà padà sí òdo, ẹni tó ń kìlọ̀ fún yín ni wọ́n pa lẹ́nu mọ́, kábọ́ọ̀nù ṣì wà níbi tó wà. Kí ẹnìkan pààrọ̀ kábọ́ọ̀nù, kó tún inú pọ́ǹpù ṣe, kó wá dá nọ́ńbà padà, ìyẹn yé mi. Ìdánómbàpadà nìkan, mi ò lè gbé ọmọ mi sínú ẹ̀.

Nǹkan kan tí àwọn mẹkáníìkì ojú ọ̀nà ò mọ̀ nìyí, ẹ bá mi sọ fún wọn. Bíréèkì yìí máa ń jí fúnra ẹ̀. Tí ẹ bá fi kọ́kọ́rọ́ ṣí mọ́tò láti òkèèrè tàbí tí ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ ó gbọ́ ohun kan tó máa kùn díẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, pọ́ǹpù ló ń gbára jọ yẹn. Tí ọmọ iṣẹ́ bá ti yọ bíréèkì páàdì, tí ìka ẹ̀ wà láàárín, tí ẹnìkan wá ṣílẹ̀kùn láti mú omi nínú mọ́tò, piston á jáde lójijì pẹ̀lú agbára, ìka yẹn ti lọ. Kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà pa á kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, tàbí kí wọ́n yọ iná pọ́ǹpù náà.

* * *

Àti pé kíkùn yẹn wúlò fún nǹkan mìíràn. Ẹ mọ̀ pé àwọn ará Èkó máa ń ṣe àpígíréèdì, wọ́n á mú 2004, wọ́n á fi bọ́ńpà, iná iwájú àti gíríìlì 2009 sí i, wọ́n á wá tà á ní iye 2009. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Tó bá kùn, kì í ṣe 2009. Tó bá wá láti Amẹ́ríkà, ẹ ka VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò, ẹyọ kẹwàá nínú mẹ́tàdínlógún yẹn ló ń sọ ọdún: 6 ni 2006, 8 ni 2008.

* * *

Ẹni tó ní ká yọ SBC ká fi bíréèkì lásán sí i: rárá. ABS àti gbogbo ohun tí kì í jẹ́ kí mọ́tò yọ̀ nínú òjò, orí ẹ̀ ni wọ́n gbé kà. Ẹ ra 2008.

* * *

Owó. Àbúrò béèrè iye tó ń jẹ, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ẹ kàn ń bú ara yín.

Epo ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Abẹ́òkúta sí Ìkẹjà, àlọ àtàbọ̀, ẹ jẹ́ ká pè é ní 160 kìlómítà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ jẹ́ 480. E350 á mu nǹkan bíi lítà 12 nínú kìlómítà 100, ó lè jù bẹ́ẹ̀ tí gósíló bá pọ̀. Lítà 57 àti díẹ̀ nìyẹn lọ́sẹ̀. Tí ẹ bá ra lítà kan ní 900 náírà, ó lé díẹ̀ ní 51,000. Corolla tó ń mu lítà 8 á jẹ nǹkan bíi 34,500. Ìyàtọ̀ jẹ́ 17,000 lọ́sẹ̀, ó ń lọ sí 900,000 lọ́dún, epo nìkan ni mo sì ń sọ o, tááǹkì ẹ̀ tó kún jẹ́ lítà 80. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, lítà ò tó 200, epo ọ̀sẹ̀ kan yẹn ò lè pé 12,000, ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ wa ra àwọn mọ́tò yìí.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì jẹ́ lítà 8, Corolla ò gbà tó 5, ti Benz yìí sì gbọ́dọ̀ jẹ́ síńtẹ́tíìkì tí wọ́n kọ 229.5 sí lára, ìyẹn nọ́ńbà ọ́ìlì tí Benz fọwọ́ sí. Plọ́ọ̀gì E320 jẹ́ méjìlá, méjì méjì ní sílíńdà kọ̀ọ̀kan, E350 jẹ́ mẹ́fà. Bátìrì jẹ́ méjì lára àwọn tó ní SBC, ńlá wà ní búùtù, kékeré wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kékeré yìí ni gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé, tó bá ti rẹ̀ ẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù á bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ oríṣiríṣi. Ti pátì, dọ́là ló ń bá rìn, ẹ rántí ibi tí dọ́là wà kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní June 2023.

Tèmi ni pé, kí ẹni tó ní mílíọ̀nù mẹ́fà àbọ̀ ra mọ́tò mílíọ̀nù márùn-ún, kó fi èyí tó kù sí báńkì, kó má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó fi gbogbo owó ra mọ́tò yìí, oṣù kẹta ló máa gbé e tì. Iye tí ẹ fi rà á ti wálẹ̀, àmọ́ iye tí wọ́n ń ta pátì ẹ̀ ṣì ni ti mọ́tò olówó.

* * *

Ẹ̀yin tí ẹ ní mọ́tò yín sùn sílẹ̀ níwájú lówùúrọ̀: Airmatic nìyẹn, afẹ́fẹ́ ló gbé e dúró. Lára E500 ló pọ̀ sí. Ṣọ́ọ̀kì ń jò lóru, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi láti fi dí i, títí òun náà á fi jóná, ló wá di owó méjì. Ọ̀pọ̀ ti yọ ọ́, wọ́n fi sípíríǹgì sí i. Àwọn kan nínú yín ń sọ̀rọ̀ bíi pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú? Ẹ fi sípíríǹgì sí i jàre, kí wọ́n ṣáà bá yín pa ìkìlọ̀ rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà.

* * *

Gíà. Wọ́n ti ń sọ fún yín pé wọn kì í pààrọ̀ ọ́ìlì gíà Benz, pé láti ilé iṣẹ́ títí ayé ni. Ó wà nínú ìwé wọn lóòótọ́ nígbà kan, àwọn náà padà sọ nígbà tó yá pé kí wọ́n máa yí i ní 60,000 kìlómítà. Mọ́tò tó ti lo ogún ọdún nílùú òyìnbó àti níbí, tí wọ́n ò yí ọ́ìlì ẹ̀ rí, ẹ ní kó má já?

Gíà márùn-ún ni E320 ní, méje ni ọ̀pọ̀ E350 ní. Ti márùn-ún lágbára, àmọ́ ibi tí wáyà ti wọ inú gíabọ́ọ̀sì ní rọ́bà kékeré kan tó máa ń jò, ọ́ìlì á gba inú wáyà gun òkè lọ bá kọ̀ǹpútà gíà. Rọ́bà yẹn ò wọ́n rárá. Wọn ò sì fi igi ìwọn ọ́ìlì sí i láti ilé iṣẹ́, mẹkáníìkì gbọ́dọ̀ ní tiẹ̀, ẹni tí ò ní i, àbá ló ń dá.

Àwọn kan lára 2003 tún ní rédíétọ̀ tó máa ń bẹ́ nínú, omi rédíétọ̀ á wọ inú ọ́ìlì gíà. Ẹ fa ọ́ìlì yẹn díẹ̀ kí ẹ tó rà. Tó bá pọ́n ráúráú, ó dáa. Tó bá dà bí ẹ̀kọ mímu tí wọ́n da sóbò sí, ẹ kí dílà ẹ máa lọ sílé.

* * *

Mo ní màá padà sórí ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì.

Tèmi máa ń kú tó bá ti gbóná. Àárọ̀ á lọ dáadáa, tó bá dé gósíló Ìbàfò á pa, á kọ̀ kò ní dáhùn, tó bá tutù tán á tún jí bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Mẹkáníìkì kan ní pọ́ǹpù epo ni, a pààrọ̀ ẹ̀. Ó tún ní kọ́ìlì ni, a pààrọ̀ ìyẹn náà. Ó wá ní kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ni, ibẹ̀ ni mo ti gba kọ́kọ́rọ́ mi. Ọmọ rìwáyà kan ló jókòó sínú ẹ̀ nígbà tó kú, ó fi kọ́kọ́rọ́ yí i, kò wo ẹ́ńjìnnì rárá, abẹ́rẹ́ RPM ló ń wò. Ẹ́ńjìnnì ń yí, abẹ́rẹ́ ò mira. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń yí. Sẹ́ńsọ̀ kíránkì ni." Bọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló dì í mú lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ó nawọ́ sẹ́yìn, ó tú u, ó fi tuntun sí i kí mo tó mu pure water tán. Owó pọ́ǹpù epo nìkan tó ra irú sẹ́ńsọ̀ yẹn jọ rẹpẹtẹ.

Torí náà tí ẹ bá ń béèrè iye tí Benz ń jẹ lọ́dún, ẹ kọ́kọ́ sọ ẹni tó ń tún un ṣe. Mẹkáníìkì tí ò ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò Benz gan-an, ìyẹn Star tàbí Xentry, tó ń fi sikánà Toyota yẹ Benz wò, á pààrọ̀ ohun tí ò bàjẹ́ títí ẹ ó fi ta mọ́tò náà ní ìlàjì owó, lẹ́yìn náà ẹ ó wá máa sọ fún ayé pé Benz ò dáa.

* * *

Àǹtí tó wà ní Peckham ní London, tó ní òun fẹ́ kó pátì ránṣẹ́ sí wa, ẹ ṣeun, àmọ́ kí ẹ tó kó pátì sínú kọ̀ǹténà: ọwọ́ ọ̀tún ni ìdarí mọ́tò tiyín wà. Iná iwájú tiyín ń tàn sí òsì, tó bá dé ibí ojú àwọn tó ń bọ̀ ló máa fọ́. Dáṣíbọ́ọ̀dù àti ìdí ìdarí ò ní wọlé. Sẹ́ńsọ̀, plọ́ọ̀gì àti fíltà, ẹ máa kó wọn bọ̀, wọ́n sàn ju Ṣáínà tí wọ́n ń fi páálí gidi dì fún wa.

Ẹni tó béèrè nípa omi nínú búùtù, ẹ yọ kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ kíákíá, àpótí fíúsì ẹ̀yìn wà níbẹ̀, tí omi bá wọ̀ ọ́ iná ẹ̀yìn àti pọ́ǹpù epo á máa ṣe wèrè. Ẹ tún kó ewé kúrò lábẹ́ gíláàsì iwájú kí òjò tó dé.

* * *

Àbúrò, mo rí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tí o fi ránṣẹ́. Ó kéré ju 468993 lọ. Tí dílà bá ní wọ́n ti pààrọ̀ balance shaft, kó mú ìwé iṣẹ́ náà jáde, kó sì jẹ́ kí wọ́n yọ sẹ́ńsọ̀ kaṣáàfù wò ó lójú ẹ. Tó bá kọ̀, ó ti dá ẹ lóhùn.

E320 2005 tí o ní wọ́n tún fi hàn ẹ, òun ni mo fara mọ́ jù, tí àyè owó bá ṣì wà fún pọ́ǹpù bíréèkì. Kí wọ́n fi Star ka iye ìtẹ̀ tó wà lórí ẹ̀ kí o tó sọ iye tí wàá san, tó bá ti sún mọ́ òpin, yọ owó pọ́ǹpù kúrò nínú iye mọ́tò. Kí wọ́n sì bá ẹ wá ibi tí 2008 wà, wàá fi owó díẹ̀ lé e. Fi VIN méjèèjì ránṣẹ́ sí mi kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, má tíì san ìdógò fún ẹnikẹ́ni.